Ta Ni Ẹ̀gbọ́n?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ìbaaka kó ẹrù gun òkè.
N kì í bèèrè ohun tó wà nínú àpò.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ní Wayrapampa, ní ilẹ̀ Perú,
mo mọ ohun tí oníkálukú gbé wá:
Yanet, ọmọ Huamaní, kó ọ̀pá ìwọ̀n mẹ́fà
àti ìwé tí omi kì í bà jẹ́.
Ìyá mi kó àbẹ́là mẹ́rin, ewé kóka,
ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, ẹyọ kan péré.
Tíṣà Abelardo kò gbé nǹkan kan,
síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ ní ó rẹ òun.

Yìnyín òkè wa ti ń fà sẹ́yìn
bí irun iwájú orí bàbá àgbà.
Ibi tí a ti ń yọ̀ ṣeré ní kékeré, òkúta ló kù.
Lẹ́bàá òkúta yẹn ni wọ́n ti rí i:
Hilario, ẹ̀gbọ́n mi,
tí kòtò yìnyín gbé mì nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Òun náà ló ṣì jẹ́.
Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún.
Bọ́tìnnì tí mo fà já lẹ́wù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ,
ojú ibẹ̀ ṣì ṣófo.

Yanet kúnlẹ̀. Ó wọn ọ̀nà láti ẹnu kòtò dé ibi òkú:
ẹgbẹ̀rin mítà ó lé ogún.
Ó pín in sí ọdún mọ́kànlélógójì.
"Ogún mítà lọ́dún kan," ó ní, "bí yìnyín ṣe gbé e rìn nìyẹn.
Bí ẹnikẹ́ni bá wọ̀n ọ́n tó já mi nírọ́, n ó pa èyí rẹ́."
Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.
N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà wa rí.

Tíṣà wá na ìka sí mi:
"Zenón, o ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Èyí tó sùn síbí yìí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ lọ.
Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín? Ta ni kó kí ta ni?
Ṣé ọjọ́ ìbí ló ń sọni di àgbà,
àbí iye oòrùn tó ti pani lórí?"
Inú bí mi. Ó kù díẹ̀ kí n ti ìjánu ìbaaka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti gún mi bí ẹ̀gún àtẹ́lẹsẹ̀.
Kò sí ọ̀pá tí a lè fi wọ̀n ọ́n.
Òun fúnra rẹ̀ kò dáhùn; ó ní ìdáhùn kọ́ ni iṣẹ́ òun.

Ìyá mi kò gbọ́ ìkankan.
Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún
jókòó sórí yìnyín bí ẹni jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé.
"O káàbọ̀," ó ní. "O pẹ́ o. Oúnjẹ ti tutù."
Ó fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀ kan tí bàtà ti bọ́ kúrò níbẹ̀.
Ó tan àbẹ́là. Atẹ́gùn pa á. Ó tún un tàn.
Atẹ́gùn pa á.
Yanet sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé iná kì í dúró níbi gíga báyìí.
Ìyá mi ní, "Mo mọ̀."
Ó tún un tàn.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ẹrù ti fúyẹ́:
Yanet ti gún ọ̀pá rẹ̀ sínú yìnyín, àbẹ́là ti tán.
Ẹrù tíṣà nìkan ló pọ̀ sí i,
ó sì ti pín mi nínú rẹ̀.
Ní ibi tí ọ̀nà ti há, tí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo lè gbà kọjá,
mo dá ìbaaka tó gbé Hilario dúró.
Mo wo ojú tó kéré sí tèmi yẹn.
Mo ṣí fìlà.
"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ máa lọ níwájú."

Bọ́tìnnì yẹn ṣì wà lápò mi.
N kò tíì lè dá a padà.